Ká Mọ Èyí Tá A Fẹ́ Rà Kí Owó Ẹgbẹ́ Tó Jáde

   

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà ní ìpàdé wa tó kọjá ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ẹ ó rántí. Ọmọkùnrin kan wá bá wa, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dání tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, ó ní ká rà á sí gbogbo mọ́tò tó ń kó ẹrù wa. Ó ní sátẹ́láìtì ló ń lò, pé bó bá ti wà nínú mọ́tò, dírẹ́bà kò ní ṣìnà mọ́, ẹrù wa náà kò sì ní sọnù mọ́. Inú àwọn kan dùn, wọ́n ní kí akápò tú àpò kíá. Àwọn kan ní gbájúẹ̀ ni. Ariwo ta, ìpàdé tú, a ò fẹnu kò síbì kan.

Nígbà tá a délé, oorun ò kùn wá. Àwa akọ̀wé yín, ìwé mẹ́fà náà la kà, a ò dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ra ẹja tútù, ó ní láti ṣí i létí wò. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. A bi àwọn dírẹ́bà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a bi oníwáyà mọ́tò, a bi ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a sì dán an wò lórí fóònù tiwa. Ohun tá a rí kò le. Ohun méjì là ń pè ní ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń fọ̀nà han dírẹ́bà, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń sọ fún ẹni tó ni mọ́tò pé ibi báyìí ni mọ́tò rẹ wà, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ra ọ̀kan nítorí iṣẹ́ èkejì, owó rẹ̀ ti wọgbó.

KÍ NI SÁTẸ́LÁÌTÌ Ń ṢE GAN-AN?

GPS tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ti ìjọba Amẹ́ríkà ni. Ọdún 1978 ni wọ́n fi àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sókè, ó di 1995 kí wọ́n tó kéde pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Nítorí àwọn ológun ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Kòríà kan ṣìnà wọ òfurufú ìjọba Soviet ìgbà náà, wọ́n yìn ín níbọn, ènìyàn 269 sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààrẹ Reagan ṣèlérí pé ará ìlú náà yóò máa rí GPS lò lọ́fẹ̀ẹ́. Kódà nígbà náà, wọ́n ṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ da ti ará ìlú rú díẹ̀, tó fi lè fi bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣì. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dá ìyẹn dúró. Ní báyìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, bó bá wà ní gbangba, bíi mítà márùn-ún ló fi ń ṣì. Ìyẹn kò ju láti ìsọ̀ kan sí ìsọ̀ kejì lọ. Kì í sì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan mọ́. Rọ́ṣíà ní GLONASS, àwọn ará Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou tí wọ́n parí ní 2020. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ló ń gbọ́ ti gbogbo wọn pọ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wò ó pé iná lọ lọ́jà lálẹ́, òkùnkùn ṣú biribiri. Ìyá eléwé ké láti ìdí ìsọ̀ rẹ̀, ìyá aláṣọ ké láti tirẹ̀, ìyá ẹlẹ́pà ké, ìyá ẹlẹ́ja náà ké. Ẹ mọ ibi tí oníkálukú ń jókòó. Bí ohùn wọn bá ṣe jìnnà sí yín tàbí tó sún mọ́ yín, ẹ ó mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí láìríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn sátẹ́láìtì GPS lé ní 30, wọ́n wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,000 sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aago tí kì í ṣì, ó sì ń ké láìdákẹ́ pé: ibí ni mo wà, aago báyìí ló lù. Ẹ̀rọ inú mọ́tò á wo bí igbe náà ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á fi mọ bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà sí i tó. Bó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó wà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ni, kì í dáhùn. Sátẹ́láìtì ò mọ̀ pé mọ́tò yín wà láyé. Òun ò mọ̀ bóyá dírẹ́bà ń sáré tàbí ó ń sùn. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń gbowó gbígbọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ máa san owó GPS lóṣooṣù, ẹ bi í pé owó kí ni gan-an. Ó lè jẹ́ owó síìmù, ó lè jẹ́ owó máàpù, ó sì lè jẹ́ owó irọ́.

ÈYÍ TÓ Ń FỌ̀NÀ HÀN

Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ta ló wá ń sọ ọ̀nà? Máàpù ni. Ọmọ ènìyàn ló sì ya máàpù. Bí ẹni tó yà á kò bá mọ àdúgbò yín, tàbí tó ti pẹ́ tó yà á, ẹ̀rọ náà á mọ ibi tẹ́ ẹ wà dáadáa, á sì tún ṣì yín lọ́nà dáadáa.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èkíní ni èyí tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò. Garmin àti TomTom wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé máàpù wà nínú rẹ̀, kò nílò dátà, kì í sì í jẹ bátìrì fóònù. Òmíràn wà tó jẹ́ ti lọ́rì, ẹ lè sọ fún un bí mọ́tò yín ti ga tó àti bó ti wúwo tó, kó má baà mú yín gba abẹ́ afárá tí ẹrù yín kò lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo máàpù tó wà nínú rẹ̀! Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, máàpù òkè òkun ló wà nínú rẹ̀. Kí ló kan ìyá aláta kan pẹ̀lú títì London? Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ máàpù náà dọ̀tun, àti bóyá wọ́n á gbowó lórí rẹ̀.

Èkejì ni èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ ti rí i. Ẹ tàn án, ó ń fi Jámánì hàn yín.

Ẹ̀kẹta ni fóònù. Google Maps kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ lè gba máàpù ibi tẹ́ ẹ ń lọ sínú fóònù láti ilé, kó fi jẹ́ pé bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ, ọ̀nà kò ní lọ. Bí ẹ bá lò ó láìsí dátà, kò ní lè sọ ibi tí gosílóò wà fún yín. Àléébù rẹ̀ ni pé mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ló wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ṣe é, kì í béèrè bóyá lọ́rì lẹ wà tàbí bẹ́ ẹ ti kó ẹrù ga tó. Ó tún máa ń fa bátìrì, nítorí náà ẹ rí i pé ṣájà wà nínú mọ́tò. Kí dírẹ́bà má sì dì í lọ́wọ́ o! Òfin kò gbà á, ikú náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Kó tẹ ibi tó ń lọ sínú rẹ̀ kó tó ṣí mọ́tò, kó fi í sínú ohun tó ń di fóònù mú níwájú, kó máa fetí gbọ́ ọ.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé a ò kàn ń fẹnu lásán sọ ọ́. Nínú òjò èṣí, àwa méje dáwó jọ, a háyà píkọ́ọ̀pù kan láti kó ata àti iṣu wá láti ìhà Ṣakí. Dírẹ́bà tó mọ ọ̀nà náà bí ẹni mowó ń ṣàìsàn, ó fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rọ́pò ara rẹ̀. Ọmọ náà mọ fóònù ju ọ̀nà lọ. Nígbà tó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, fóònù ní ọ̀nà kan wà lápá òsì tó yá ju títì lọ. Ó yà síbẹ̀. Ọ̀nà oko ni, òjò ti sọ ọ́ di ẹrọ̀fọ̀. Mọ́tò rì.

A pè é títí, kò lọ. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò lọ. Ìyá ọmọ náà wá jókòó ti wa ní ìsọ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ojú wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láyé ìsinyìí, ẹ mọ ohun tá à ń rò lọ́kàn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn àgbẹ̀ fi katakata wọ́ mọ́tò náà jáde. Ọmọ dé láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ata ti gbóná nínú àpò, ó ti jẹrà, èyí tá a rí ṣà nínú rẹ̀ kò tó owó mọ́tò.

Nígbà tá a wo fóònù ọmọ náà, fóònù ò purọ́. Ọ̀nà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Sátẹ́láìtì sì mọ ibi tí ọmọ náà wà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òjò ti rọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀nà oko nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì wá láti Òkè Ọya, ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2017, nígbà tí afárá Tatabu já láàárín Mokwa àti Jẹ́bà, tí àwọn tírélà tò lọ bẹẹrẹ. Ẹ tún rántí ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí omi gbé Mokwa lọ tòun ti ọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Lójú ọ̀run, sátẹ́láìtì ò ṣì. Ilẹ̀ ló yí padà. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún àwọn tó ni máàpù kí wọ́n tó tún un ṣe. Ṣé tòmátì á dúró dè wọ́n?

ÈYÍ TÓ Ń ṢỌ́ MỌ́TÒ

Tírákà ni wọ́n ń pè é. Òun náà ń gbọ́ sátẹ́láìtì bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ní síìmù nínú bíi fóònù, síìmù yẹn ló fi ń sọ ibi tó wà fún ẹni tó ni mọ́tò. Kò ní gíláàsì tí dírẹ́bà ń wò, inú mọ́tò ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Òmíràn lè pa ẹ́ńjìnnì bí olè bá gbé mọ́tò lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ wa ń fẹ́ nígbà tá a ń pariwo ní ìpàdé, ẹ̀rọ míì la fẹ́ sanwó fún.

Bí tírákà bá wà nínú píkọ́ọ̀pù ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ká má parọ́, níbi tí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, tírákà náà ò lè sọ̀rọ̀. Èyí tó dára á pa á mọ́ sínú, á rán an bí nẹ́tíwọọ̀kì bá dé. Ṣùgbọ́n à bá rí ibi tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, à bá mọ̀ pé ó ti kúrò lórí títì, à bá sì ti rí ẹni pè ní àdúgbò yẹn láti alẹ́. Ìyá ọmọ náà ì bá rí nǹkan dì mú.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó béèrè ohun mẹ́rin. Ta ni yóò máa san owó síìmù, èló sì ni lọ́dún? Bí síìmù bá kú, ta ni yóò mọ̀? Bí wọ́n bá já wáyà bátìrì mọ́tò, ṣé ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú? Ta ló ń wò ó lóru nígbà tí gbogbo wa ti sùn? Tírákà tí ẹnikẹ́ni ò wò, bí ajá tí kò lè gbó ló rí.

ÀBÁ WA

A ò ní kẹ́ ẹ má ná owó o. Ohun tá à ń sọ ni ibi tó yẹ kó lọ.

Ìkíní, ká má ra ẹ̀rọ tó ń fọ̀nà hàn tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá. Àwọn dírẹ́bà wa ti ní fóònù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ká ra ṣájà àti ohun tí wọ́n ń fi fóònù sí fún wọn, ká sì ní kí ọmọ ẹnì kan nínú wa gba máàpù gbogbo ọ̀nà tá à ń ná sínú fóònù wọn. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ìkejì, ká fi tírákà sínú mọ́tò méjèèjì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ gan-an, ká yan ẹni méjì tí yóò máa wò ó, ká sì kọ ọjọ́ tí owó síìmù yóò pé sínú ìwé akápò.

Ìkẹta, mọ́tò tá à ń háyà kì í ṣe tiwa, a ò lè ti nǹkan bọ inú rẹ̀. Kí á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bóyá tírákà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí dírẹ́bà fi ibi tó wà hàn wá lórí WhatsApp, ó lè wà ní títàn fún wákàtí mẹ́jọ kó tó tún un tàn. Ká fi owó dátà rẹ̀ kún owó mọ́tò, kí wọ́n má baà sọ pé dátà tán.

Ìkẹrin, èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí dírẹ́bà má ya kúrò lórí títì nítorí fóònù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè wá tàbí kó béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò. Fóònù ń wá ọ̀nà tó yá, kò mọ ọ̀nà tí àwọn ajínigbé wà. Èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

A mọ̀ pé àwọn dírẹ́bà wa á bínú sí tírákà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa lójúkojú pé, "Ìyá, ṣé olè lẹ ń pè mí?" Rárá o, bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà kò ní ìyàwó nílé tó ń wojú ọ̀nà? Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe yín lójú ọ̀nà, kí a lè mọ ibi tá a ó ti wá yín ni. Ṣùgbọ́n ká má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ká pè wọ́n wá sípàdé, ká fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹni tí à ń ṣọ́ láìmọ̀, bó bá mọ̀ tán, kò ní ṣiṣẹ́ fúnni tọkàntọkàn mọ́.

Àwọn àgbà dírẹ́bà tún ń sọ pé àwọn mọ ọ̀nà ju ẹ̀rọ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Fóònù láṣọ, dírẹ́bà wa ló lákìísà. Ṣùgbọ́n àgbà náà ń ṣàìsàn, àgbà náà ń darúgbó, ọmọ iṣẹ́ ni yóò sì jókòó sí ipò rẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó ti akọ̀wé, kí wọ́n ka ibi tó léwu fún wa: odò tó ń kún, afárá tí kò gba tírélà, oko tí mọ́tò ń rì sí, ibi tí wọn kì í gbà lálẹ́. Àwa yóò kọ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní tirẹ̀ nínú mọ́tò. Irú máàpù bẹ́ẹ̀, kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kankan tí wọ́n gbé wá tà fún wa.

Ìpàdé wa ń bọ̀, a ó sì dìbò lórí rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀, ṣebí ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe nawọ́ sókè fún ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ yìí, a fi òógùn dá a ni. Àwọn bàbá wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Wọn ò rí sátẹ́láìtì kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ọjà á tà o. Ire o.

Akọ̀wé yín